Lẹ́tà sí Bọ̀ọ̀dá Mi, Lórí Tirakítọ̀ Tí Wọ́n Fẹ́ Fi Kílò Tà

Bọ̀ọ̀dá mi,

Ọmọ yín àgbà pè mí láti Ìsẹ́yìn ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ó ní àwọn tó ń ra àlòkù irin ti wá wo tirakítọ̀ tí ẹ fọwọ́ ara yín tò kí ẹ tó kú, wọ́n ti dá iye lé kílò kan, ó ku kí wọ́n gbé òṣùwọ̀n wá. Ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n fẹ́ kọ́ sí ibi tí ó wà nínú ọgbà. Kò sí àrífín nínú ohùn rẹ̀, ó kàn ń sọ fún mi kí n má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn ni. Mo ní kí ó jẹ́ kí n dé ná. Láti ìgbà náà ni mo ti ń bá yín jiyàn nínú ọkàn mi, mo sì rí i pé ó sàn kí n kọ ọ́ sílẹ̀ ju kí n máa dá sọ̀rọ̀ lójú títì lọ.

Òótọ́ ni pé irin ni. Ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì S195 yẹn nìkan ju 100 kílò lọ, n kò tíì ka axle ẹ̀yìn, irin tó di táyà méjèèjì mú, gíábọ́ọ̀sì méjèèjì, àti àwọn irin ńlá tí ẹ jó pọ̀ tí ẹ fi ṣe ṣáásì. Ara ọkọ̀ Peugeot 504, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975, ni axle náà ti wá. Èmi àti ẹ̀yin ni a jọ lọ rà á ní Ararọ̀mí, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀, ní Gate, n'Íbàdàn, tí a sì gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ ẹlẹ́pà wálé. Ẹ gé páìpù gígùn tó so ó mọ́ gíábọ́ọ̀sì, ẹ gé ọ̀pá inú rẹ̀ náà, kí tirakítọ̀ má baà gùn ju ohun tó lè yí po láàárín ebè lọ. Ẹ jó eyín inú differential, èyí tó ń jẹ́ kí táyà kan lè yí ju èkejì lọ, pọ̀ kí táyà ọ̀tún àti ti òsì lè máa yí papọ̀, kí ọ̀kan má baà máa yí lásán nínú ẹrẹ̀ nígbà tí èkejì bá dúró. Wẹ́dà ìsàlẹ̀ àdúgbò sọ pé ẹ ti ba ohun rere jẹ́. Lórí ilẹ̀ líle, ó ń ṣòro láti yí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú títì ni ẹ ṣe é fún.

Gíábọ́ọ̀sì méjì ni wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín yín jù. Ṣírò tí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ sára ògiri ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí mo wá fún ìsìnkú yín. Ẹ́ńjìnì ń yí ní ìgbà 2,000 láàárín ìṣẹ́jú kan. Púlì dín in kù sí ìdajì. Gíà kìíní àti axle tún dín in kù títí tí táyà fi ń yí ní nǹkan bí ìgbà 70. Ìyẹn jẹ́ kìlómítà 9 ní wákàtí kan, eré tí ó pọ̀ jù fún irin ìtúlẹ̀ nínú ilẹ̀ tí kùkùté igi ẹmi kún. Bí gíábọ́ọ̀sì kejì bá wá tẹ̀lé ti àkọ́kọ́, tí òun náà wà ní gíà kìíní, eré náà yóò bọ́ sí kìlómítà méjì àbọ̀, agbára tí táyà fi ń fa nǹkan yóò sì ju ìlọ́po mẹ́ta ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ́ńjìnì tí agbára rẹ̀ kò ju ti ẹṣin 12 lọ wá ń fa ohun tí àwọn tó rí i kò gbà pé ó lè fà. Ẹ kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kankan kọ́ ìyẹn. Mo máa ń fi í yangàn níbi iṣẹ́, bí ẹ kò tilẹ̀ mọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ ti ẹ́ńjìnì. Ti Màmá ni. Òun ni wọ́n fi ń lọ ẹ̀lùbọ́ fún gbogbo àdúgbò, èmi sì ni mo ń jí i láràárọ̀ kí n tó wọ aṣọ ilé ìwé. Kò ní púlọ̀ọ̀gì, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí písítìnì bá fún pọ̀ ni yóò gbóná débi pé dísẹ́ẹ̀lì tí ẹnu páìpù epo bá fọ́n sí i yóò gbiná fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ọwọ́ òsì ni a fi ń di irin kékeré tó ń tú afẹ́fẹ́ náà sílẹ̀ mú, ọwọ́ ọ̀tún a máa yí hándù, ó di ìgbà tí wíìlì ńlá bá ti gba eré kí a tó fi ti òsì sílẹ̀. Màmá fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi pé kí n má fi àtàńpàkò ká hándù mọ́wọ́, kí àtàńpàkò wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà pẹ̀lú àwọn ìka yòókù, nítorí bí ẹ́ńjìnì bá ta padà, yóò ṣẹ́ ẹ. Ẹ̀yin ti wà lẹ́nu iṣẹ́ mẹkáníìkì ní Ìbàdàn nígbà yẹn. Èmi ni mo mọ bí ẹ́ńjìnì yẹn ṣe ń mí.

Nígbà tí Màmá lọ, ẹ gbé e kúrò ní ṣọ́ọ̀bù láì bi ẹnikẹ́ni. Mo dákẹ́, torí ó sàn kí ó ṣiṣẹ́ ju kí ó dípẹtà. Ṣùgbọ́n ogún ìyá wa ni, ti àwa méjèèjì.

Ọjọ́ tí ẹ fẹ́ kọ́kọ́ jí tirakítọ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà. Gbogbo ará ọgbà ti pé. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnì pẹ̀lú sípánà 17 lọ́wọ́, mo ti da omi kún táǹkì orí rẹ̀, mo ti ká ọwọ́ ẹ̀wù mi sókè. Ẹ mú hándù, ẹ wò mí, ẹ sì nà án sí ọmọ iṣẹ́ kan tí kò tíì pẹ́ lọ́dọ̀ yín rárá. Ẹ kò sọ nǹkan kan. Ó yí i, ẹ́ńjìnì sì jí, kíá ni ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kọjá ààlà, nítorí ohun tó ń díwọ̀n dísẹ́ẹ̀lì ti há síbi tó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Irú ẹ́ńjìnì bẹ́ẹ̀ kò ní kọ́kọ́rọ́ tí a lè yí kí ó kú. Ilẹ̀ ń gbọ̀n, èéfín dúdú bo ọgbà, ọmọ iṣẹ́ yín ti fò sórí fẹ́ǹsì, àwọn yòókù ti sá. Ẹ bọ́ ẹ̀wù yín, ẹ ká a, ẹ fi dí ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú rẹ̀ títí ó fi dákẹ́. Ẹ̀rín ni ẹ fi parí rẹ̀. Ẹ̀rín ni gbogbo èèyàn fi ń sọ ọ́ títí di ìsìnkú yín.

Èmi kò rí ẹ̀rín nínú rẹ̀. Ṣé ẹ fura pé ó lè sá lọ ni, tí ẹ kò fẹ́ kí ó jẹ́ ọwọ́ mi ni yóò wà níbẹ̀? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọmọ ẹlòmíràn ni ẹ wá fi dí i. Àbí ẹ kàn gbàgbé pé èmi ni mo ń jí i fún Màmá? Mo bi yín léèkan, ní ọdún iléyá kan, ẹ ní, “Ṣé ìyẹn ṣì ń dùn ọ́?” ẹ sì ní kí wọ́n gbé ẹran wá. Ó ṣì ń dùn mí. Ọ̀pọ̀ ohun tó tóbi ju èyí lọ ni ẹ ṣe fún mi, ẹ san owó ilé ìwé mi, ẹ dúró fún mi níbi ìdána, ṣùgbọ́n bí mo bá rántí yín lóru, hándù yẹn ni mo máa ń rí lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Ẹ kò sì kọ́ ẹnikẹ́ni ní bí a ṣe ń wà á. Gíà tí ẹ máa ń fi gun òkè, èyí tí ẹ fi ń tú ilẹ̀, bí ẹ ṣe ń fi gíábọ́ọ̀sì méjèèjì sí rìfáàsì kí ó lè rọra lọ síwájú, orí yín ni gbogbo rẹ̀ wà. Ṣọ́ọ̀kì ara ògiri ni ìwé kan ṣoṣo tí ẹ fi sílẹ̀, ògiri náà ni wọ́n sì fẹ́ wó.

Mo nílò rẹ̀ ni, Bọ̀ọ̀dá mi. Àwọn tó ní tirakítọ̀ ńlá kì í fẹ́ wọ oko kékeré bí tèmi, wọ́n ní kùkùté yóò ba irin àwọn jẹ́. Bí wọ́n bá sì gbà, òjò yóò ti lọ jìnnà kí ó tó kàn mí. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń bá wa kọ ebè ti ra ọ̀kadà. Ẹ̀gẹ́ ọdún tó kọjá kò tó san owó tí mo yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Èjìká ọ̀tún mi kì í gòkè dáadáa mọ́, nítorí náà, n kò lè yí hándù náà pàápàá. Mo ti ń béèrè iye owó sítátà oníbátìrì tí wọ́n lè so mọ́ ọn. Ìyàwó mi gbọ́ iye rẹ̀, ó bi mí bóyá ọmọ wa kì yóò wọ yunifásítì mọ́ nítorí irin. N kò ní èsì fún un.

Ọjọ́ Sátidé ni mo ń bọ̀. Bí Màmá àwọn ọmọ yín bá ní kí wọ́n ta gbogbo rẹ̀, n kò ní bá wọn jà. Ilé yín ni, wọ́n sì ní gbèsè tiwọn. Ṣùgbọ́n wọn kò ní gbé ẹ́ńjìnì Màmá lé òṣùwọ̀n olówó irin. Bí wọ́n bá fi dandan lé e, n óò ra ìpín tiyín nínú rẹ̀ ní iye tí wọ́n dá lé kílò, inú owó ìwé ọmọ mi ni n óò sì ti mú un, tí n óò wá ohun tí n óò sọ fún ìyá rẹ̀.

Èmi ni,
Àbúrò yín.