Ta Ló Ń Lé Mi?

Sùúrùlérè, Èkó.

Fọlákẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé òtútù Kánádà ò tíì gan yín pa? Àwọn ọmọ ńkọ́?

Mo ti ń sáré láàárọ̀ báyìí o. Mo mọ̀ pé wàá bi mí pé ta ló ń lé mi. Gbogbo àdúgbò ti bi mí tán. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ní ìdájí, bí mo ṣe já sí Adéníran Ògúnsànyà báyìí, bàbá kan tó ń dúró de dánfó wo ojú mi, ó wo ẹ̀yìn mi, ló bá bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀! O ṣáà mọ Èkó: wọn kì í dúró bèèrè ohun tó ń bọ̀. Ó ti sá jìnnà kó tó rí i pé èmi nìkan ni mo wà lẹ́yìn òun. Èébú tó bù mí, n ò lè kọ ọ́ síbí.

Nọ́ọ̀sì tó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi ló fa gbogbo rẹ̀. Ó ní kò tíì burú, ṣùgbọ́n ó ti ń gòkè, kí n wá eré ìdárayá ṣe, ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Èmi tí mo máa ń bá yín di aṣọ mú létí pápá níléèwé!

Ni mo bá sá a bíi Tóbi Àmùsàn. Òun sá mítà 100, ó fo igi rẹ̀ tán ní sẹ́kọ́ńdù 12.12 lọ́dún 2022, ó di obìnrin tó yára jù lọ lágbàáyé nínú eré náà. Èmi ò tíì sá dé ilé kẹrin tí ọkàn mi fi fẹ́ gba ẹnu jáde. Mi ò gbọ́n. Bí èémí mi ṣe ń dáa díẹ̀ ni mo tún ń fi kún un, títí ojúgun méjèèjì fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí bí iná.

Ọmọbìnrin kan tó máa ń sáré ní Stádíọ̀mù ló là mí lọ́yẹ̀. “Àǹtí, ẹ̀ ń kánjú jù. Èémí tètè máa ń mọ́ra, eegun kì í tètè mọ́ra.” Ó ní kí n sáré ìṣẹ́jú 1, kí n rìn ìṣẹ́jú 2, kí n ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Bí n ò bá sì lè sọ gbólóhùn kan parí lórí eré, mo ti sá jù nìyẹn. Oríkì ara mi ni mo wá ń kì lójú ọ̀nà. Bí mo bá ti há, mo rìn. (Àwọn kan ti gbà pé orí mi yí.) Oníbúrẹ́dì tó ru àtẹ máa ń kọjá mi, á ní, “Àǹtí, ẹ kú eré o!” Mo ń dáhùn. Àbí èèyàn á ṣe gbé Sùúrùlérè kó má ní sùúrù?

Ní báyìí, mò ń sáré ìṣẹ́jú 4 kí n tó rìn 1. Má wulẹ̀ dárúkọ maratọ́ọ̀nù Èkó tó máa ń gbéra níwájú Stádíọ̀mù wa yìí. Third Mainland Bridge tí wọ́n ń gbà kọjá nìkan lé ní kìlómítà 11. Bàtà ni kó o bá mi mú bọ̀ ní Disẹ́ḿbà, nọ́ńbà 40. Òkìríkà tí mo rà ní Yábà dára lójú, àmọ́ ìtẹ́lẹ̀ rẹ̀ ti gan bíi pákó.

Bàbá tó sá fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn ṣì máa ń wà níbùdókọ̀. Lánàá, ó yọjú wo ẹ̀yìn mi dáadáa kó tó kí mi.

Èmi ni tìẹ,
Bísí