Ẹ yé fi ìfipábánilòpọ̀ ṣe ẹjọ́ ẹbí nínú ọgbà fásitì

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Láti ọdún 2019 tí BBC ti gbé fídíò jáde lórí àwọn olùkọ́ kan ní fásitì Èkó àti ti Gánà, ọ̀rọ̀ olùkọ́ tó ń fi máàkì dọdẹ akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kò tán lẹ́nu wa. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àbádòfin tí àwọn aṣòfin àgbà fọwọ́ sí ní oṣù keje ọdún 2020, olùkọ́ sí akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ló dá lé. Ti akẹ́kọ̀ọ́ sí akẹ́kọ̀ọ́ wá ńkọ́?

Ọdún 11 ni mo fi ṣe pọ́tà ní họ́stẹ́ẹ̀lì àwọn obìnrin ní fásitì kan tí n kò ní dárúkọ. Ní ìdájí ọjọ́ kan, ọmọ kan wọlé pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Yàrá ọmọkùnrin kíláàsì rẹ̀ kan tí wọ́n jọ lọ kàwé ló ti ń bọ̀. Kò sunkún. Ó kàn ń bi mí bóyá omi ń yọ. Èmi náà, nínú àìmọ̀kan mi, ni mo bá a gbé omi tó fi wẹ̀. Ìgbà tó pẹ́ ni mo tó gbọ́ pé ilé ìwòsàn ló yẹ ká kọ́kọ́ sáré gbé e lọ, pé oògùn tó ń dènà HIV kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí 72, pé ara àti aṣọ tó wọ̀ yẹn gan-an ni ẹ̀rí. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa. Bí a ṣe ń gba hítà àti sítóòfù lọ́wọ́ ọmọ ni wọ́n kọ́ wa.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé òkè, wọ́n ránṣẹ́ pe òbí méjèèjì. Pásítọ̀ kan gbàdúrà. Ọmọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀, ó parí. Kíláàsì kan náà ni wọ́n tún jọ wà ní sẹ́mẹ́sítà tó tẹ̀ lé e, títí ọmọbìnrin yẹn fi gbàyè lọ sílé fún ọdún kan. Ọmọkùnrin gba ìwé ẹ̀rí tirẹ̀ lásìkò.

N kò ní kí wọ́n máa fi ẹ̀sùn lásán lé ọmọ ọlọ́mọ. Mo bí ọkùnrin méjì. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Lọ́dún 1986, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sọ ọ́ nínú ẹjọ́ Garba àti fásitì Maiduguri: wọ́n lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nítorí rògbòdìyàn, igbákejì gíwá tí rògbòdìyàn náà kàn gan-an ló sì ṣe alága ìgbìmọ̀ tó wádìí wọn! Ilé ẹjọ́ fagi lé e, ó ní ẹ̀sùn ọ̀daràn kì í ṣe ti ìgbìmọ̀ ilé ìwé láti dá.

Ẹjọ́ yìí kan náà ni àwọn ọ̀gá kan sọ di ibi ìsápamọ́sí. "Ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, kì í ṣe iṣẹ́ wa." Òótọ́ ni pé ẹ̀sùn tó lè fa ẹ̀wọ̀n gbére lábẹ́ VAPP, òfin ọdún 2015 tó lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn, ju ọwọ́ ìgbìmọ̀ ìbáwí lọ. Ṣé ẹjọ́ Garba ló ní kí wọ́n má gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn? Ṣé òun ló ní kí wọ́n má ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ títí ilé ẹjọ́ yóò fi sọ̀rọ̀?

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn ọmọ wa ń sáré lọ, ó ti di dandan láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2025 kí fásitì kọ ọ́ síta, síbi kan ṣoṣo tí gbogbo ènìyàn lè rí: ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti máa fẹjọ́ sùn, bí wọ́n ṣe máa wádìí, ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n máa ṣe. Ilé ìwé kò sì gbọdọ̀ fi ìwé àdéhùn dí akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu.

Tiwa kò tiẹ̀ ní kó náni lówó tó bẹ́ẹ̀. Kí gíwá kọ̀ọ̀kan lẹ nọ́ńbà ẹni tó máa gbé fóònù ní aago mẹ́rin ìdájí mọ́ ògiri yàrá pọ́tà, kó sì sọ ọkọ̀ tó máa gbé ọmọ náà àti ilé ìwòsàn tó ń lọ. L'Ékòó, Mirabel Centre, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, ti wà ní ọgbà LASUTH, ilé ìwòsàn ńlá ti ìpínlẹ̀ Èkó, láti ọdún 2013. Pọ́tà mélòó ló mọ̀ ọ́n?

Èmi ni tiyín,
Pọ́tà tó ti fẹ̀yìntì, Ìbàdàn