Ẹ Tẹ́ Ẹní fún Ọmọ Ọdún Méjì

Ẹ̀yin Olóòtú,

Ní ọ̀pọ̀ jẹ́lé-ó-sinmi ní Ilé-Ifẹ̀, orí bẹ́ǹṣì ni wọ́n ń to ọmọ ọdún méjì sí, tí wọ́n á jùmọ̀ máa ké A, B, C tẹ̀lé tíṣà. Inú òbí á dùn pé ọmọ ti ń mọ̀wé. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń bá èrò ké kò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Kí ẹnì kan sọ, kí ẹnì kejì fèsì, inú eré ni ọmọdé ti ń kọ́ ìyẹn.

Ẹ gbé agolo, ṣíbí onígi àti ọkọ̀ tí ẹ fi páálí ṣe sílẹ̀. Ẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí ojú yín bá ti ọmọ dọ́gba. Ohun tí òun bá mú ni kí ẹ sọ̀rọ̀ lé lórí. Bó bá ti ọkọ̀, ẹ ní, "Ọkọ̀ ń lọ Iléṣà," kí ẹ wá dákẹ́. Ẹ ka ení, èjì, títí dé ẹẹ́wàá sínú. Ibẹ̀ gan-an làgbà ti ń kùnà: ìdákẹ́ máa ń ni wá lára, a ó ti sọ òmíràn kí ọmọ tó rí tirẹ̀ fà yọ. Bó bá ní "ọkọ̀," ẹ fi ẹyọ kan lé e: "Ọkọ̀ ńlá!" Ẹ má máa da "Kí lèyí? Kí lèyẹn?" bò ó, ìdánwò nìyẹn. Ẹ gé páálí bí ọkọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, kí ẹ ní kó gbé ọ̀kan wá. Ohùn nìkan ló ya méjèèjì, etí rẹ̀ á sì mọ̀ ọ́n.

Ìdérí mínírà àti ọmọ ayò kò yẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Ohun tó bá lè wọ ihò páálí tíṣù ìnùdí lè há a lọ́fun.

Ẹ̀rù ń ba àwọn òbí kan pé bí a bá ń fi Yorùbá bá ọmọ sọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò ní dára. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ará Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Mọdákẹ́kẹ́ fún ọdún mẹ́fà. Gẹ̀ẹ́sì wọn kò tìtorí ẹ̀ rẹlẹ̀.

Bí ọmọ bá pé ọdún méjì tí kò lè so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, bí "màmá, wá," ẹ má ní ọkùnrin ló ń pẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ má sì sáré gé okùn abẹ́ ahọ́n rẹ̀. Etí ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò, àgàgà etí tó ti ṣọyún rí. Ilé-ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní dókítà etí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni jẹ́lé-ó-sinmi, a bẹ̀ yín: ẹ kó bẹ́ǹṣì kúrò ní kíláàsì àwọn ọmọ ọdún méjì, kẹ́ ẹ tẹ́ ẹní.

Àwa olùkọ́ ọmọdé,
Ilé-Ifẹ̀.