Bá mi pe ẹ̀gbọ́n mi

Àdùkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ìyàwó àbúrò mi ti bí, obìnrin ni, ìyá àtọmọ ń ṣe dáadáa. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni ò jẹ́ kí n sùn.

Apá oògùn trastuzumab ò ká jẹjẹrẹ ọmú wọn mọ́. Kókó tó ti ń kéré tún ti ń tóbi. Wọ́n wá ń dá ara wọn lẹ́bi. O mọ ìwé kékeré tí wọ́n ń kọ oúnjẹ wọn sí? Lánàá, mo bá wọn tí wọ́n ń fi bírò fa ìlà sábẹ́ gbogbo ọjọ́ tí wọn ò jẹun tán. Omi bọ́ lójú mi.

Mo wá padà sídìí exosome tí o máa ń sọ. Àpò tíntìntín tí sẹ́ẹ̀lì ń tú síta, tí fífẹ̀ rẹ̀ ò ju bíi nanomita 30 sí 150 lọ! Láti 1983 tí wọ́n ti rí i lára sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa tí ò tíì gbó, pàǹtí ni ọ̀pọ̀ kà á sí, àfi ní 2007 tí wọ́n fi hàn pé ó ń gbé RNA, ìyẹn èròjà tó ń gbé iṣẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì máa ṣe, láti sẹ́ẹ̀lì kan dé òmíràn. Èyí tó bà mí lẹ́rù ni pé sẹ́ẹ̀lì tí apá oògùn ò ká lè fi exosome kó P-glycoprotein, tó ń ti oògùn síta, fún èyí tí oògùn ṣì ń pa, tíyẹn náà á sì dolóríkunkun. Exosome míì tún ń gbé HER2 sára, ìyẹn èròjà ara sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí trastuzumab ń wá kiri: trastuzumab á lọ lẹ̀ mọ́ ọn, èyí tó yẹ kó dé ara jẹjẹrẹ á dín kù. Oúnjẹ wo ló fa ìyẹn?

Mi ò sọ pé exosome ló ṣe tiwọn o. Ọ̀nà tí jẹjẹrẹ ń gbà bọ́ lọ́wọ́ oògùn pọ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n máa fà á sórí ara wọn, rárá, mi ò gbà.

Dókítà fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ sí trastuzumab deruxtecan, tó ń gbé májèlé sẹ́ẹ̀lì dání lọ bá HER2. Ẹ̀gbọ́n mi kọ̀. Wọ́n ní ara àwọn ló kọ oògùn, kí wọ́n má fòmíràn ṣòfò. Àdùkẹ́, láti ọjọ́ ọ̀rọ̀ bàtà yẹn, ìwọ nìkan ni wọ́n máa ń gbọ́ tìẹ. Jọ̀wọ́, bá mi pè wọ́n kó tó di Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ náà ni dókítà ń retí èsì. Má sọ pé èmi ni mo ní kí o pè.

Èmi ni tìẹ,
Mojí