Lẹ́tà sí àbúrò mi: Ìgbín ńkọ́?

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo fẹ́ pè ọ́ lánàá, mo wá rántí bí a ṣe máa ń ṣe é lórí fóònù. "Ẹ kú iṣẹ́ o, bọ̀dá mi." "O kú iṣẹ́. Ara ńkọ́?" "A dúpẹ́." Ó parí nìyẹn. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì ń kọ ọ́ síbi tí ẹlòmíì ti lè kà á, torí mo mọ̀ pé kì í ṣe àwa méjì nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí.

Ìwé kan ló fà á. Mo rí i ní ṣọ́ọ̀bù àlòkù tó wà lẹ́bàá ibi iṣẹ́, àádọ́ta pẹ́ńsì, ìwé pẹlẹbẹ kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti fẹ́ já. Òǹtẹ̀ ilé ìwé wà nínú rẹ̀, ọmọ tó lò ó sì ti fi pẹ́ńsù fa ìlà káàkiri. Of Mice and Men ni àkọlé rẹ̀, John Steinbeck ló kọ ọ́, ọdún 1937 ló jáde. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń ṣe GCSE, ìdánwò àṣejáde ilé ìwé girama, ní ìlú Ọba níbí, bóyá o ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí lẹ́nu àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì. Àkókò ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ ni mo fi ń kà á. Nígbà tí mo dé apá kẹrin rẹ̀, mo pa á dé, mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, n kò sì jáde títí àkókò oúnjẹ fi kọjá.

Jẹ́ kí n sọ ìtàn rẹ̀ fún ọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ ká ní kíṣìnì la wà. Ọkùnrin méjì ni, George àti Lennie. George kéré lára, ojú rẹ̀ mú. Lennie rí gàgàrà, agbára rẹ̀ kò ní òdiwọ̀n, ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ kò ju ti ọmọdé lọ, ohunkóhun tó bá ti múlọ́múlọ́ ló máa ń fẹ́ fọwọ́ pa, ì báà jẹ́ eku. Àǹtí rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Clara ló tọ́ ọ. Nígbà tí ìyá yẹn kú, ọ̀dọ̀ George ló bọ́ sí. Láti oko dé oko ni wọ́n ń lọ ní California, wọ́n ń bá wọn gbé àpò ọkà báálì, dọ́là 50 lóṣù.

Ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà ti dẹnu kọlẹ̀ láyé ìgbà yẹn. Ọjà ìpín ìdókòwò wó ní oṣù kẹwàá ọdún 1929, nígbà tó sì fi máa di ọdún 1933, nínú òṣìṣẹ́ mẹ́rin, bí ẹnì kan kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Àìmọye ọkùnrin ló ká bùláńkẹ́ẹ̀tì sẹ́yìn tí wọ́n ń wá oko tó máa gbà wọ́n, wọ́n á gbowó, wọ́n á ná an tán láàárín òru kan, wọ́n á tún gbéra. Steinbeck mọ ohun tó ń sọ. Ìlú Salinas ní California ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1902, òun náà sì ti bá irú wọn ṣiṣẹ́ lóko nígbà èwe rẹ̀. Ìlú tó sún mọ́ oko inú ìtàn náà jù ń jẹ́ Soledad. Mo bi ọmọ Sípéènì tí a jọ ń to ẹrù ní ìtumọ̀ rẹ̀, ó ní ìdánìkanwà ni. Mo rò pé òǹkọ̀wé ló hun ún, àṣé ìlú náà wà lóòótọ́.

Ohun tó ya àwọn méjèèjì yìí sọ́tọ̀ láàárín àwọn alárìnkiri yòókù ni ilẹ̀ kan tí wọ́n fẹ́ rà. Éékà mẹ́wàá. Ilé kékeré wà lórí rẹ̀, ilé adìẹ, igi eléso, ẹ̀rọ tí atẹ́gùn ń yí. Lennie ti mọ ìtàn ilẹ̀ náà sórí, síbẹ̀ á ní kí George tún un sọ. Bí George bá ti bẹ̀rẹ̀, tó ní kò sẹ́ni tó dá wà láyé bí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ oko kiri, Lennie á já a gbà lẹ́nu rẹ̀ pé ti àwọn yàtọ̀, nítorí àwọn ní ara àwọn. Á máa rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà á béèrè ehoro. Ó fẹ́ kí George ṣèlérí pé òun lòun máa tọ́jú àwọn ehoro.

O ti mọ ibi tí mò ń lọ.

Éékà méjì ni tiwa tí a fẹ́ rà, ní ọ̀nà Ìkirè. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà lápá òkè, kànga láàárín, ilé oníyàrá méjì tó kọjú sí ọ̀nà. Ibùsùn kan ṣoṣo la ní níbí nígbà yẹn, nínú yàrá tí ògiri rẹ̀ máa ń làágùn. Ìwọ ń ṣe iṣẹ́ òru, èmi ń ṣe tọ̀sán. Bí mo bá ń dìde lo máa ń wọlé, ibùsùn kò sì ní tíì tutù tí wàá fi bọ́ sínú rẹ̀. Sọ́ńdè nìkan la máa ń rí ara wa jókòó tì. Wàá máa gé àlùbọ́sà, èmi á máa wo ìrẹsì, o kò sì ní jẹ́ kí n gbádùn. "Bọ̀dá mi, ẹ sọ ti oko." Bí mo bá sọ ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tán, tí mo sọ ti kànga, wàá fi ọ̀bẹ sílẹ̀: "Ìgbín ńkọ́?" Èmi á wá sọ ti ìgbín. Ilé búlọ́ọ̀kù tí a fi nẹ́ẹ̀tì bo òkè rẹ̀, ilẹ̀ dúdú tí a ó máa bu omi wọ́n, ewé ìbẹ́pẹ tí ìwọ fúnra rẹ á máa já fún wọn nírọ̀lẹ́. O ti wo bí wọ́n ṣe ń sìn ín lórí YouTube débi pé o ti ń bá mi ṣàtúnṣe. "Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé iyọ̀ débẹ̀ o."

Bàbá kan wà nínú ìwé náà, Candy. Ẹ̀rọ oko ti gé ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún, wọ́n fún un ní dọ́là 250, ó sì ń gbálẹ̀ kiri. Ajá kan ló ní láyé yìí, ajá arúgbó, tí kò ríran mọ́. Àwọn tí wọ́n jọ ń gbé yàrá ní ó ń rùn. Lálẹ́ ọjọ́ kan wọ́n fúngun mọ́ ọn títí ó fi gbà, Carlson sì fi okùn fa ajá náà jáde láti lọ yìnbọn fún un. Steinbeck kò bá wọn jáde síta. Inú yàrá ló mú wa jókòó sí pẹ̀lú Candy, tó nà sórí ibùsùn tó ń wo àjà. Ẹnì kan sọ̀rọ̀ káàdì, ó kú síbẹ̀. Ẹlòmíì sọ̀rọ̀ míì, kò sẹ́ni tó gbè é. Wọ́n gbọ́ tí nǹkan ń họ lábẹ́ pákó. Ìgbà tí ìbọn dún, bàbá náà yí ojú sí ògiri. Lẹ́yìn náà ló sọ fún George pé òun fúnra òun ló yẹ kí òun yìn ín, kì í ṣe àjèjì.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà ni Candy gbọ́ ìtàn ilẹ̀ yẹn lẹ́nu George. Ó ní òun ní dọ́là 300 ní báǹkì, 50 míì ń bọ̀ lóparí oṣù. Dọ́là 600 ni ilẹ̀. Bí George àti Lennie bá tọ́jú owó oṣù kan, ó di 450, wọ́n sì gbà pé ẹni tó nilẹ̀ máa gbà á. Gbogbo wọn dákẹ́ rọ́rọ́. Wọ́n ti ń sọ ọ́ látọjọ́ pípẹ́, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó gbà á gbọ́ títí di ìṣẹ́jú yẹn. Mo rántí ìgbà tí owó tiwa wọ ẹgbẹ̀rún àkọ́kọ́. O gbé fóònù sáàárín wa lórí ibùsùn, a kàn ń wò ó ni.

Ẹni tó lé mi wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni Crooks. Òun nìkan ni ọkùnrin dúdú nínú oko yẹn, ìbaaka àti ẹṣin ló ń tọ́jú, ẹṣin ti ta á nípàá tẹ́lẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ wọ́. Wọn kì í jẹ́ kó wọ yàrá àwọn yòókù, wọn kì í bá a ta káàdì. Inú yàrá gàárì àti ìjánu ló ń sùn, ààtàn ìgbẹ́ ẹran wà lábẹ́ fèrèsé rẹ̀. Ó ní àwọn ìwé: dìkíṣọ́nárì kan tó ti fàya, àti ìwé òfin California ti ọdún 1905. Fojú inú wo ọkùnrin kan tó ń ka òfin lálẹ́ ní ibi tí kò sí òfin tó máa gbà á. Ó sọ fún Lennie pé bí òun bá rí nǹkan lóru, òun kò ní mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí, torí kò sí ẹnìkejì tí òun máa bi pé ṣé ìwọ náà rí i.

Lennie ya sọ́dọ̀ rẹ̀ ní alẹ́ Sátidé, kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kì í wọ ibẹ̀. Kí ni Crooks fi ṣe é lálejò? Ó ní bí George kò bá padà wá mọ́ ńkọ́? Ó ń tẹ̀ ẹ́ níbi tó ń ro ó, ó sì ń gbádùn rẹ̀, àfìgbà tí Lennie dìde tó ń bọ̀ wá bá a. Nígbà tí Lennie sọ ti ilẹ̀, Crooks bú sẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti rí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkùnrin tó gbé ilẹ̀ wá sínú oko yìí nínú orí wọn, kò sì sí ẹyọ kan tó rí i rà.

Mo ka ìyẹn, mo gbọ́ ohùn ara mi.

O rántí Sọ́ńdè yẹn ní oṣù kejì. Ejẹ́ńsì tó bá mi wáṣẹ́ ti gé ọjọ́ iṣẹ́ mi kù sí méjì lọ́sẹ̀, mo sì ti yọ nínú owó ilẹ̀ wa san owó yàrá, n kò tíì sọ fún ọ. O ní, "Bọ̀dá mi, ẹ sọ ti oko." Mo ní, "Oko wo? Gbogbo ọmọ Nàìjíríà tó wà ní ilé ìkẹ́rùsí yẹn ló ní éékà méjì lórí. Ta lo rí nínú wọn tó rà á?" O kò bá mi jiyàn. O da àlùbọ́sà sínú epo, o rò ó, o rò ó, títí ó fi jóná. Nígbà tí a jẹun tán mo ní àwàdà ni mò ń ṣe. Crooks náà sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ní tirẹ̀, ó ti ní ìrètí náà lọ́wọ́ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú. Ó ti bẹ Candy pé kí wọ́n mú òun dání, pé òun máa ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ bí wọ́n bá ṣáà ti ń fún òun lóúnjẹ. Ìyàwó Curley, ọmọ ọ̀gá oko, ló wọlé, tó rán an létí pé òun lè jẹ́ kí wọ́n so ó kọ́ sórí igi. Bí gbogbo ara Crooks ṣe súnkì nìyẹn. Ó ní kí Candy gbàgbé ohun tí òun sọ. Ìyàwó yẹn náà ò lẹ́ni, wọ́n purọ́ fún un pé Hollywood ń dúró dè é, òǹkọ̀wé kò sì fún un lórúkọ títí ìwé fi parí. Ìyẹn ṣì ń dùn mí.

Ṣùgbọ́n èyí ni mi ò lè gbé kúrò lọ́kàn. Kí Crooks tó fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà rẹ́rìn-ín, ó ti sọ̀rọ̀ ilé. Bàbá rẹ̀ ní oko adìẹ, òun àti àwọn arákùnrin rẹ̀ méjì jọ ń sùn ni, ibùsùn kan, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

O kó lọ ní oṣù karùn-ún, sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní ìlú tí ò ń gbé báyìí. Mo bá ọ gbé àpótí dé ibùdókọ̀, iye owó ọkọ̀ la sọ títí ọkọ̀ fi dé. Nígbà tí mo padà délé mo rí ìwé kékeré kan lábẹ́ ibùsùn. Búlọ́ọ̀kù 300. Nẹ́ẹ̀tì. Ìgbín 100, kékeré, torí èyí tó ti dàgbà wọ́n. Mo rò pé o gbàgbé rẹ̀ ni. Ó ti pẹ́ kí n tó mọ̀ pé o mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni. Ibùsùn náà ti di tèmi nìkan, mo máa ń bá a ní títutù.

O máa fẹ́ mọ bó ṣe parí. Lennie ń fọwọ́ pa irun ìyàwó Curley, ìyàwó náà pariwo, ẹ̀rù ba Lennie, ó sì mì ín títí ọrùn rẹ̀ fi kán. Kò mọ̀ọ́mọ̀. Candy dúró ti òkú náà, ó bi George bóyá àwọn méjì ṣì lè lọ ra ilẹ̀ yẹn. Owó Candy ṣì wà níbẹ̀. Wọn kò tíì ta ilẹ̀ náà. George ní bóyá láti ìbẹ̀rẹ̀ lòun ti mọ̀ pé kò ní ṣeé ṣe, pé bí Lennie ṣe fẹ́ràn láti máa gbọ́ ọ ló jẹ́ kí òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé bóyá. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Owó ṣì wà, ilẹ̀ ṣì wà. Ẹni tó ń béèrè ehoro ni kò ní sí mọ́.

Wọ́n ń wá Lennie pẹ̀lú ìbọn. George ló kọ́kọ́ bá a létí odò. Ó ní kó wo òdìkejì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ilẹ̀ náà fún un, ti màlúù, ti adìẹ, ti ehoro, títí Lennie fi ní kí wọ́n máa lọ síbẹ̀ kíákíá. Ẹ̀yìn orí ló ti yìn ín.

Mi ò tíì dá owó tí mo yọ padà. Pọ́n-ún 640 ni, mo yẹ kí n ti sọ fún ọ látọjọ́ yẹn. Ìwé kékeré rẹ wà nínú báàgì tí mò ń gbé lọ síbi iṣẹ́. Ní Sọ́ńdè, ní aago mẹ́rin, nígbà tí o bá ti ṣíwọ́, mo máa pè ọ́. Mo máa ti gbé ìrẹsì kaná. Bí o bá gbé e, má wulẹ̀ kí mi, má bi mí nípa ara. Béèrè ìgbín.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ.