Ẹ Bá Wa Mú Ìyẹ́ Àparò Wá ní Sátidé

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ apẹja wa l'Ábẹ́òkúta, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, aago 4 ìrọ̀lẹ́, a ó pàdé lẹ́bàá odò Ògùn ní Láfẹ́ńwá, ká kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi òwú àti ìyẹ́ wé ìwọ̀ kó lè jọ kòkòrò inú omi. Ẹja trout ni àwọn ará àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fi í pa. Omi tútù ni ẹja yẹn ń gbé, kò sí lódò wa, ṣùgbọ́n ẹja tiwa náà ń jẹ kòkòrò.

Irú ìwọ̀ wíwé kan tí wọ́n ń pè ní Partridge and Orange la ó fi bẹ̀rẹ̀: òwú sílíìkì aláwọ̀ ọsàn ni ara rẹ̀, ìyẹ́ ẹyẹ kan tó bá àparò tan ló wà lọ́rùn rẹ̀, ìyẹ́ àparò la ó sì fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wé ìyẹ́ náà ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Tó bá ti pọ̀ jù, kò ní lè máa mì lẹ́gẹ́lẹ́gẹ́ nínú omi, mímì yẹn gan-an ló sì ń tan ẹja. Ìyẹ́ ọrùn àkùkọ le jù fún un.

Ẹ tètè bẹ àwọn tó ń ta àparò kí wọ́n bá yín tọ́jú ìyẹ́ rẹ̀. Ìwọ̀ àti òwú wà lọ́wọ́ mi.

Akọ̀wé ẹgbẹ́