Àbẹ̀kẹ́, gun òkè kejì yẹn

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ṣ'o délé ire? Voice note ni mo kọ́kọ́ fẹ́ fi ránṣẹ́, àmọ́ mo mọ̀ ẹ́, ìdajì lo máa gbọ́ tó o máa ní "mo ti gbọ́ mà", ìyẹn ni mo ṣe jókòó tẹ̀ ẹ́, tó bá gùn kó o fara dà á.

Ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì yín tó o gbé wá sí Ìtòkú l'Abẹ́òkúta níbí lọ́jọ́ Sọ́ńdè ló ń jẹ mí lọ́kàn. Látìgbà tó o ti jókòó, àwọn ará account lò ń bú, pé ọ̀lẹ ni wọ́n, pé ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi jókòó lé fáùṣà ẹ, kọ́sítọ́mà wá ń pariwo lé ẹ lórí. Mo ní kí ni wọ́n wí, o ní o fi "???" sí group, ẹnì kan fi àtàǹpàkò dáhùn, ó parí. Mo ní ṣ'o wá lọ bá wọn, o ní "ah, òkè kejì ni wọ́n wà mà." Òkè kejì! Àtẹ̀gùn lásán ló wà láàárín yín. Kí n tó la ẹnu, fóònù ẹ dún, o ti lọ.

Mi ò ní pa òwe àgbájọ ọwọ́ fún ẹ, ẹ ti gbọ́ ọ tó nílé ìwé. Ohun tójú èmi rí ni kó o gbọ́.

Ṣ'o rántí ìgbà tí iṣẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ pọ̀ lọ́wọ́ mi, tí ẹnì kan ń bá mi fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ sára aṣọ kí aró má bàa wọ ibẹ̀, tí aláró wa sì wà lápá ibòmíì? Odindi oṣù kan làwọn méjèèjì fi jà, wọn ò sì ríra rí o, èmi ni wọ́n ń rán síra wọn. Aṣọ á dé láti ibi aró, ilà wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ á ti gba àárín bátànì kọjá bí ògiri tó sán. Ẹlẹ́kọ á ní aláró ló bo aṣọ bí ẹni ń fọ ṣòkòtò mẹkáníìkì. Aláró á ní láfún tí wọ́n fi se ẹ̀kọ ni ò dáa, bóyá èyí tí wọ́n jẹ kù lálẹ́ àná ni. Mo gba ti ẹni yìí gbọ́ lónìí, mo gba ti ìyẹn gbọ́ lọ́la. A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà, èmi náà nìyẹn.

Nígbà tí aṣọ mẹ́fà bàjẹ́ tán tí oníbàárà ní òun ò san, mo ní kí ẹlẹ́kọ gun ọ̀kadà lọ dúró ti ìkòkò aró látàárọ̀ dalẹ́. Ibẹ̀ ló ti rí i pé wọn kì í rẹ aṣọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á rì í, wọ́n á yọ ọ́, á jáde bí àwọ̀ ewé, atẹ́gùn á fẹ́ sí i, á di búlúù lójú ẹ̀, wọ́n á tún rì í títí á fi dú, tí ẹ̀kọ bá sì ti sán kó tó débẹ̀, aró á wọlé dandan. Aláró wá bi í pé kí ló dé tí wọ́n máa ń ká aṣọ tí ẹ̀kọ ti gbẹ lára ẹ̀ sí mẹ́rin. Ẹnu yà á, torí títẹ́ ló ń tẹ́ tiẹ̀ sílẹ̀. Ta ló ń ká a? Ọmọ tó ń gbé e lọ. Ta ló ní kó ká a sínú náílọ̀n kójò má pa á? Èmi ni o, èmi tí mo ti ń dájọ́ látoṣù tó kọjá.

Látìgbà yẹn, páìpù omi ni wọ́n ń wé e mọ́. Àwọn méjèèjì ló jọ rò ó, wọ́n gba nọ́ńbà ara wọn, wọn ò gba ọwọ́ mi sọ̀rọ̀ mọ́, ó tiẹ̀ kọ́kọ́ dùn mí díẹ̀.

Torí náà, lọ́la, gun òkè kejì yẹn. Má mú fáùṣà dání o, wọ́n á rò pé ìjà lo bá wá. Ra ẹ̀pà, jókòó ti ẹni tó ń buwọ́ lù ú, wo iye tó ń wọlé àti ẹni tó tún gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i lẹ́yìn ẹ̀. Bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, nínú tiwa tó ń dé ọ̀dọ̀ yín, kí ló ń dá yín dúró jù?" Kó o wá dákẹ́. Dídákẹ́ yẹn lo ò mọ̀ ọ́n ṣe, ọ̀dọ̀ bàbá ẹ lo ti jogún ẹ̀. Bóyá risíìtì kan ni kì í bá a dé, ta ló mọ̀? Kó o sọ tìẹ náà fún wọn, wọn ò gbóhùn kọ́sítọ́mà rí. Má sọ pé o ò ráyè, wákàtí mélòó lo fi bínú lọ́jọ́ Sọ́ńdè nìkan?

Tó o bá sì ń kọ nǹkan sí group, sọ ohun tó o fẹ́, ọjọ́ tó o fẹ́ ẹ, àti ohun tó máa bàjẹ́ tó bá pẹ́. Ẹ yéé kọ EOD sí dírẹ́bà, ẹ sọ pé "kí iṣẹ́ òní tó parí". Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kàwé dé ìlú òyìnbó, àmọ́ nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó kàwé fẹ́ káwọn ọlọ́jà bá wọn ṣe, tí wọ́n sọ ọ́ di Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta ní 1946, ìró àti bùbá ló ń wọ̀, Yorùbá ló ń sọ, títí kan iwájú òyìnbó, kóyìnbó lọ wá ògbufọ̀. Àwọn obìnrin yẹn jà lórí owó orí títí Aláké ìgbà náà fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní 1949.

Ẹ̀kọ ara aṣọ ọ̀rẹ́ ẹ ti gbẹ, aláró ní òun ráyè lọ́jọ́ Sátidé. Wá bá mi gbé e lọ, kó o sì mú kúlà mi tó ti wà lọ́dọ̀ ẹ látọdún tó kọjá dání. Páìpù wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ìyá ẹ ni.